Ọkọ Ìyàwó Tó Pẹ́ Nílẹ̀

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Fẹ́sítàkì mọ̀ pé n kì í sáré. Ògì ni mo ń tà, ògì kò sì fẹ́ ẹni tó ń sáré. Bí a bá sẹ́ ẹ tán, a ó fi sílẹ̀ kó tòrò, kí omi wà lókè, kí ògì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kánjú da omi rẹ̀, ògì ló ń dà sí gọ́tà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin mi wọlé tó ní, "Màmá mi, mo ti rí ìyàwó," mo ju asẹ́ sínú bàsíà, mo jó. Mo jó láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì títí dé bákónì. Obìnrin tó ń gbé lókè wa yọjú, ó ní, "Màmá ológì, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Ó wà! Ó ti wà!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìyá àgbà fi ń jó lọ́sàn-án gangan. Ọmọ yìí ni àbíkẹ́yìn mi. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ kan ní Sátẹ́láìtì, lápá ibi tí àwọn táńkà ti ń gbé epo. Ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Nígbà tó ṣì kéré sí báyìí, orí rẹ̀ dàrú. Kò sùn, kò jẹun. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ó sì ń sọ pé àwọn tó ń ka ìròyìn nínú tẹlifíṣọ̀n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà ọpọlọ fún un lóògùn, oògùn náà sì gbà. Láti ìgbà náà, bó bá ti jẹun alẹ́ tán, á lo hóró oògùn tirẹ̀, á sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún ń bá mi gbé àpò àgbàdo gun àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ sétí. Á ní, "Màmá, ta ló máa fẹ́ ẹni tó ń lo oògùn orí?"

Ó wá rí ẹni tó fẹ́ ẹ! Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ọmọ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tó wọra, ọmọ mi gbé oògùn rẹ̀ jáde, ó fi hàn án, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó ní, "Èmi náà ń lo awò ojú. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lò ó, mo lè lọ dì mọ́ ọkọ olọ́kọ." Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Mo ní ẹni tó ní irú ẹnu yìí, ọmọ mi ni.

Bàbá rẹ̀ ni kò mọ̀. Ẹ sì mọ bí tiwa ṣe rí. Kí wọ́n tó fọmọ fún ni, wọn á rán èèyàn lọ wádìí lábẹ́lẹ̀. Ṣé olè ò sí nídìí wọn? Ṣé wèrè ò sí nídìí wọn? Ọmọ mi ní òun fúnra òun lòun máa sọ ọ́ fún bàbá ìyàwó, pé kò gbọdọ̀ tẹnu ẹlòmíì jáde. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ojú òun ná, kí wọ́n tó mọ oògùn òun. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó má pẹ́.

Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ilé wa bá gbóná. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ mi àgbà tó ń gbé lápá Máìlì Tuù, kó ẹrù wá bí ẹni tó fẹ́ wá ṣe ọdún. Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ ni ohun tí àwọn àna máa kọ́kọ́ fojú wọ̀n. Ó ní ayé òde òní ti bà á jẹ́, pé àwọn ọmọkùnrin kàn ń tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ tó jábọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí ọkọ ìyàwó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fi í kọ́ra. Wọ́n gbé àwọn àga sápá kan, wọ́n gbé tábìlì lọ sí bákónì. Pálọ̀ wá fẹ̀ bíi pápá.

"Àyà kan ilẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, àyà ni mo ní kó kan ilẹ̀!"

Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan wà, ọkùnrin oníkùn rọ̀ǹdọ̀. Ó gbórí sókè láti ibi tó sùn sí, ó ní, "Àǹtí, ikùn ló ṣáájú. Àyà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó yá, ẹ dìde! Kíá! Kí bàbá ìyàwó rí i pé ẹ lágbára!"

Wọ́n fò dìde. Ọmọ mi náà fò dìde. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń wá ògiri nínú òkùnkùn, ojú rẹ̀ yí, ó sì wó lu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ikùn tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tó gbà á dúró, orí ni ì bá fi sọlẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi lajú, ó ní, "Ṣé mo ti dìde?" Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àbí wárápá ni?" Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹnu ẹ!"

Ó fẹ́ dìde, mo ní, "Má dìde. Sùn síbẹ̀." Mo ní kí wọ́n gbé ìrọ̀rí sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wò ó. Nígbà tó wà nílẹ̀, ara rẹ̀ pé. Ìdìde ló gbé e ṣubú. Èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn nọ́ọ̀sì sì máa ń sọ fún àwa àgbàlagbà pé ká jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ká tó dìde, kí òòyì má baà kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ lọ bu mọ́ínmọ́ín jẹ ní kíṣìnì. Nígbà tó ku èmi, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo bi í pé, "Ọkọ mi, kí lò ń lò tí n kò mọ̀?"

Ó wo àjà. Ó ní, "Màmá, wọ́n yẹ̀ wá wò níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nítòsí ibẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n fún mi, ọ̀kan tó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọ̀kan tó ń mú ni tọ̀."

"O sọ fún wọn nípa oògùn tìẹ?"

"Wọ́n bi mí bóyá mo ń lo òmíràn. Mo ní rárá."

"Rárá bíi báwo?"

"Màmá, kọ́rídọ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń bi mí! Máníjà mi wà lórí ìlà lẹ́yìn mi gan-an. Ṣé kí n wá máa pariwo oògùn orí ni?"

Ó ní láti ìgbà náà ni ojú òun ti ń ṣókùnkùn bí òun bá jí láàárọ̀ tí òun dìde. Mo rántí iṣẹ́ rẹ̀. Mo rántí àkàbà tó máa ń gùn láti so wáyà.

Èyí tó wá sọ lẹ́yìn náà ló bà mí lẹ́rù ju ìṣubú lọ. Ó ní, "Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Màá fi oògùn orí yẹn sílẹ̀ títí a ó fi ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tán. Mi ò gbọdọ̀ ṣubú níwájú bàbá yẹn. Tí mo bá ṣubú, ó parí. Wọn ò ní fún mi mọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí. Àwa méjèèjì rántí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní, "Gbọ́. Tí o bá ṣubú níwájú wọn, a ó gbé ẹ dìde. Tí orí bá tún dàrú, níbo la ó ti lọ gbé ẹ? Má dá a fi sílẹ̀. Má sì dá a fi kún un. Ẹni tó fún ẹ ni ká lọ bá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pe ilé ìwòsàn ọpọlọ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó máa lò lálẹ́ ọjọ́ náà àti èyí tó máa dúró. Ó ní kó má gun nǹkan kan, kó má wa ọkọ̀, kó sì wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tó ti tán tó ku páálí. Mo ní ilé ìwòsàn kì í ṣe ibi tí a ti ń fi ẹnu júwe àwọ̀ hóró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a débẹ̀. Obìnrin ni dókítà náà, kò dàgbà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó to oògùn sórí tábìlì, ó ní kí ọmọ mi sùn, ó wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó ní kó dìde dúró, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó fi ẹ̀rọ náà hàn mí. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ iye tó pọ̀ yàtọ̀ sí iye tó kéré. Ó já wálẹ̀ bí ìgbà tí garawa bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń pọnmi.

Ó ní, "Màmá, oògùn tó ń tọ́jú orí wọn yìí, ó máa ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n fún wọn fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ń fa omi kúrò lára, oòrùn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ náà sì ń fà á. Tí wọ́n bá wá dìde lójijì, ẹ̀jẹ̀ á jókòó sí ẹsẹ̀, kò ní tètè dé orí."

Mo ní, "Gbogbo wọn ń fa okùn kan náà sọ́nà kan náà."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó fún wọn kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ti ń fa okùn tẹ́lẹ̀."

Wọ́n tún lẹ àwọn wáyà mọ́ ọn láyà láti wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, torí dókítà ní àwọn oògùn kan wà, bí wọ́n bá pàdé, wọ́n lè da ìlù ọkàn rú. Ìyẹn dára, a dúpẹ́.

Ọmọ mi ní, "Dókítà, èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

Dókítà ní, "Kò sí èyí tí ẹ máa dá fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa ni láìsọ̀rọ̀. Ti orí náà, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè ṣe. Àwa la máa tún un tò." Níwájú wa ló ti pe dókítà Sátẹ́láìtì, àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tún àdìrò ṣe. Wọ́n yọ èyí tó ń mú ni tọ̀ kúrò. Wọ́n pààrọ̀ èkejì, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀nba díẹ̀, kó sì máa wá kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Dókítà ní, "Ibikíbi tí wọ́n bá ti bi yín, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Tí èèyàn bá wà lẹ́yìn yín, ẹ ní ẹ fẹ́ dá rí dókítà."

Mo rò pé ó parí, àfi bí ọmọ mi ṣe ní, "Dókítà, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀."

"Fún ta ni?"

"Fún bàbá ìyàwó mi."

Ẹ̀rín gba ojú dókítà. "Ẹ máa ṣe ìyàwó! Ẹ kú oríire! Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló ní ẹjọ́, ìfòdìde ni." Nínú yàrá rẹ̀ níbẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Kó ti ilẹ̀ dé orí ìkúnlẹ̀. Kó dúró níbẹ̀, kó mí, kó máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kó gbé ẹsẹ̀ kan. Kó tún dúró. Bí ojú bá ń ṣókùnkùn, kó padà sílẹ̀, kó má tijú.

A padà délé, ìdánrawò tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni ọ̀gá. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ ni mo ní kí wọ́n máa dìde bẹ́ẹ̀, kó má baà dá yàtọ̀ láàárín wọn. Oníkùn rọ̀ǹdọ̀ ní, "Màmá, èyí gan-an ló bá mi lára mu. Ti Àǹtí fẹ́ pa mí." Nígbà tí ọjọ́ fi máa pé, òkùnkùn ojú ti lọ, ìfúnpá ti ń ṣe bó ṣe yẹ, dókítà sì ní òun fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń ba ọmọ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, lónìí ni màá sọ fún wọn."

Inú mi dùn débi pé mo wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní Amúwo, pálọ̀ àna wa kún. Alága ìjókòó, obìnrin tí àwọn ará ilé ìyàwó fi ṣe ẹnu wọn, ní ẹnu bí abẹ. Ó ní kí àwọn ọkọ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, àyà kan ilẹ̀, ikùn náà kàn án. Bàbá ìyàwó ṣàdúrà lé wọn lórí. Alága ní, "Ẹ dìde!"

Kò sẹ́ni tó fò. Wọ́n rọra ń gbórí bí ìgbín lẹ́yìn òjò.

"Ha!" ni alága. "Ẹ̀yin ọkọ, ṣé ẹ ti sùn ni? Àbí ilẹ̀ wa dùn ju ìyàwó lọ?"

Oníkùn rọ̀ǹdọ̀ dáhùn láti ilẹ̀, "Alága, ilẹ̀ táìlì yín tutù! Ẹ jẹ́ ká gbádùn ẹ̀."

"Ẹ dìde kíá! Ọkọ tí kò yára, ṣé òun lá fún lọ́mọ?"

Ọmọ mi ti dé orí ìkúnlẹ̀. Mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jó nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó wò mí. Mo fi orí sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fún mi lọ́wọ́ pọ̀ títí ọwọ́ náà fi kú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dúró. Ó gbé èkejì. Ó sì nàró gbọnrangandan, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń rẹ́rìn-ín!

Mo kígbe, "Jésù ṣeun!"

Alága yíjú sí mi. "Màmá ọkọ, ṣé ìdìde lásán lẹ ń kígbe lé lórí báyìí?"

Mo ní, "Ẹ ò mọ̀ ni."

Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ọmọ mi. Nígbà tí orin gbalẹ̀, wọ́n rọra dìde, wọ́n ní kí èmi àti ọmọ mi tẹ̀ lé àwọn wọ inú yàrá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ẹ ní ìdìde yẹn?"

"Dókítà ni, sà."

"Nítorí kí ni?"

Ọmọ mi tún wò mí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ló ti gbọdọ̀ jáde. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sọ ti orí, ó sọ bí àwọn oògùn náà ṣe gbé òun ṣubú nítorí òun fi ọ̀kan pamọ́. Kò fi iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan.

Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Níta, wọ́n ń kọrin ìyàwó.

"Ọmọbìnrin mi mọ̀?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún, sà."

Wọ́n kọjú sí mi. "Ṣé ó ń lò ó déédéé?"

Mo ní, "Bàbá, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ló ń lò ó. Dókítà rẹ̀ wà láàyè, ẹ lè bá wa lọ."

Wọ́n ní, "Mo rán èèyàn wá sí àdúgbò yín. Gbogbo ìròyìn tó mú bọ̀ kò ju pé ògì yín kì í ní iyanrìn. Ì bá dùn mí tó bá jẹ́ pé ìta ni mo ti gbọ́ èyí." Wọ́n tún ní, "Èmi náà ṣubú ní balùwẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọṣẹ ni. Ọṣẹ kọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò, mo sì gba oògùn oorun kan ní kẹ́míìsì lé e. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọmọ mi ní, "Ẹ sọ fún dókítà yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Màá sọ. Ìyàwó ẹ ń dúró dè ẹ́ níta, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi ìdìde yẹn hàn mí. Látìbẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó ẹ! Ẹ̀yin èèyàn, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ìyàwó ẹ ni wọ́n pè é!

Mo ń wá ibi tí mo máa jó sí nínú yàrá tóóró yẹn, tí ọmọ mi ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá náà ká agbádá wọn, wọ́n sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ wá sórí ìkúnlẹ̀, sà. Ẹ dúró. Ẹ máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣé báyìí?" Àwọn méjèèjì ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni alága ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo ilẹ̀, ó fọwọ́ lérí.

"Ẹ gbà mí o! Bàbá ìyàwó ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ!"

Mo mú un léjìká, mo rọra dá a padà síta. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa kọrin lọ. Wọ́n ń bọ̀. Wọn ò kánjú ni."